Èrò Ìjàpá: Ìrìn láti Trade Fair dé Òkòkòmáìkò

Kọ́ńdọ́ ló máa ń pe orúkọ náà jáde. Bí bọ́ọ̀sì tó ń ti Mile 2 bọ̀ bá ti kọjá Báráàkì, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀, á ní, “Volks wà o?” Ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ á dáhùn pé ó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU ni, ẹni tó ń lọ ra tẹlifíṣọ̀n ní ọjà Alábà ni, ìyá tó ń gbé ẹja lọ sí Ìyànà Ìbà ni. Ojoojúmọ́ ni orúkọ Volkswagen ń ti ẹnu wọn jáde létí ọ̀nà Àgbádárìgì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jókòó nínú Ìjàpá, ìyẹn ọkọ̀ Volkswagen Beetle, rí láyé wọn.

Ẹdùn ọkàn àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ló gbé mi dé ọ̀nà yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé èrò ń dín kù. Bí wọ́n bá pe ara wọn jọ láti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba ìgboro, tàbí tí wọ́n fẹ́ fi àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ wọn díje níbi tí ọ̀nà ti tẹ́ lọ gbọọrọ, ojú kan náà ni wọ́n máa ń rí, irun orí àwọn tó ni ojú náà sì ń funfun sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sílẹ̀ wa. Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ Vintage Sports-Car Club ti wà láti ọdún 1934, àwọn kan sì máa ń wa ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1905 láti London lọ sí Brighton lóṣù kọkànlá ọdọọdún. Síbẹ̀, àwọn àgbà ibẹ̀ náà ń bi ara wọn léèrè pé ta ni yóò máa wa àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí nígbà tí àwọn bá lọ tán.

Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní fóònù ti gba ọkàn wọn, wọn kò sì mọyì ohun àtijọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, pápá ìje ni èrò ti ń tán kẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ pọ̀, ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀, àwọn ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ń tán, tí ẹnikẹ́ni kì í kíyè sí i. Nígbà tó bá fi hàn ní pápá, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ tipẹ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó wá sí Ọ̀jọ́, nítorí Ọ̀jọ́ ni Nàìjíríà ti ń to Ìjàpá pọ̀ nígbà kan.

Òwúrọ̀ Sátidé ni mo wọ ọgbà Trade Fair. Ilé iṣẹ́ Energoprojekt láti Yugoslavia ló kọ́ ọ fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé tó wáyé ní ìparí ọdún 1977, ọdún tí a ṣe àjọ̀dún àṣà FESTAC. Àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá náà ṣì wà níbẹ̀, òjò ti sọ kọnkéré wọn di dúdú, ìsọ̀ sì ti yí wọn ká débi pé ẹni tí kò mọ ìtàn wọn lè kọjá láì gbé ojú sókè. Ìpàtẹ fúnra rẹ̀ ti kó kúrò. Tafawa Balewa Square ní Òǹíkàn ni wọ́n ti ń pàtẹ báyìí.

Ọ̀rọ̀ Tafawa Balewa Square yìí kò yẹ kí n fò ó. Kó tó di gbàgede, pápá ìje ẹṣin ni. Race Course ni àwọn àgbà Èkó mọ̀ ọ́n sí, èrò a máa wọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó gbayì. Ibẹ̀ ni àsíá wa ti gòkè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Nígbà tó di àárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba ológun tún ibẹ̀ kọ́, wọ́n gbé ère ẹṣin mẹ́rin sẹ́nu ọ̀nà, ẹṣin gidi kò sì sáré níbẹ̀ mọ́. Èrò tó ń wo ìje kò jí lọ́jọ́ kan kó ní òun kò fẹ́ràn ẹṣin mọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n gbà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin. Ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn mi ní gbogbo ìrìn náà, nítorí mo ti fura pé irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀.

Ọjà púpọ̀ ló pín ọgbà Trade Fair láàárín ara wọn báyìí. Èyí tó kàn mí ni ASPAMDA, ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ kan iná iwájú, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tí ọ́ìlì dúdú ṣì ń kán lára wọn. Àwọn ọmọkùnrin gbé ṣọ́ọ̀kì sórí èjìká, wọ́n ń sáré kọjá, wọ́n ń kígbe kí ènìyàn yà fún wọn. Èèyàn kò tíì dé ìdí ìsọ̀ tí wọ́n á ti máa bi í pé, “Bàbá, kí lẹ fẹ́? Corolla ni àbí Camry? Muscle ni àbí Big Daddy?” Camry kan náà ni Muscle àti Big Daddy, ọdún tí wọ́n ṣe é ló yàtọ̀, ìgboro ló sì sọ wọ́n lórúkọ.

Mo ní kábúrétọ̀ Ìjàpá ni mo ń wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá sọ̀rọ̀ wò mí títí, ó wá ké sí ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà, àgbàlagbà tó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ kó lè rí mi dáadáa, sọ pé òun tà á rí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ó ní bí mo bá fẹ́ ẹ dandan, kí n lọ bá àwọn mẹkáníìkì àgbà lọ́nà Ìbà, bóyá mo á rí ẹni tó tú u lára ọkọ̀ tó ti kú. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní Ìjàpá ló gbé ìyàwó òun wálé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ogún ọdún ni ọkọ̀ náà fi jìnnà sí àtẹ rẹ̀.

Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ yé mi yékéyéké. Ọkọ̀ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sí lórí àtẹ, olówó nìkan ló lè máa wà á. Olówó á kọ̀wé sí Jámánì tàbí Brazil, wọ́n á fi ọkọ̀ òfurufú gbé e wá fún un. Tíṣà tó jogún Ìjàpá bàbá rẹ̀ kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Tíṣà yẹn sì ni ẹni tó máa ń kó ọmọ mẹ́rin àti ọmọ aládùúgbò méjì wá wo ìje.

Láti Trade Fair, mo gba Abúlé Àdó, mo kọjá Báráàkì. Ọdún 2009 ni ìjọba Fashola, gómìnà Èkó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà yìí kó lè di ọ̀nà mẹ́wàá tí ojú irin yóò wà láàárín wọn. Reluwé aláwọ̀ búlúù ti ń ná Marina sí Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Apá tó kù, tí yóò dé Òkòkòmáìkò, ló wà níwájú mi yìí. Nínú àwọn ibùdókọ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún apá náà, ọ̀kan ń jẹ́ Volkswagen. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú àwòrán. Ó fi hàn pé ìlú kò tíì gbàgbé.

Mo dé Volks. Ọgbà ilé iṣẹ́ Volkswagen gùn létí ọ̀nà, ògiri rẹ̀ kò tán bọ̀rọ̀ lójú ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Lábẹ́ ògiri ni wọ́n ti ń ta ọsàn, búrẹ́dì Agége, ṣájà fóònù àti bàtà òkirìkà. Oṣù kẹta ọdún 1975 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ yìí. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ti Peugeot ní Kàdúná. Gowon ló wà lórí àlééfà, owó epo ń wọlé, owó Údojì, ìyẹn àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Akọ̀wé ọ́fíìsì tó ń wọ bọ́lẹ̀kájà lánàá gba owó yíyá lọ́wọ́ ìjọba, ó ra ọkọ̀. Nínú àpótí ni ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń wọlé láti òkèèrè, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ń tò ó pọ̀ ní Ọ̀jọ́. Ìjàpá ń jáde, Igala ń jáde, lẹ́yìn náà ni Passat, Jetta, Santana àti Audi 100 dé. Brazil ni Igala ti wá, Brasilia ló ń jẹ́ lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nídìí Ìjàpá, torí bí a kò bá mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, a kò ní mọ ìdí tí èrò fi pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni ẹrù ń wọ̀. Kò ní rédíétọ̀, kì í mu omi. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ sí i ló ń mú un tutù. Nínú oòrùn Èkó, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọ̀rọ̀ ńlá ni kí ọkọ̀ má nílò omi. Bọ́ọ̀tì mẹ́rin ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá ti tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n tú wáyà àti páìpù epo, ọmọṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lè fi jáàkì sọ ọ́ kalẹ̀ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n fà á jáde. Wọn kò nílò ẹ̀rọ tó ń gbé nǹkan sókè. Nítorí náà, ọmọ tí kò lọ sí ilé ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ lè mọ inú Ìjàpá délẹ̀délẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan. Bọ́ọ̀sì Volkswagen tó di danfo ìṣáájú ní Èkó náà, irú ẹ́ńjìnnì yìí ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ èkejì.

Bí ọkọ̀ bá rí báyìí, ìje kì í jìnnà sí i. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, Ìjàpá gba ipò kìíní nínú ìje Safari lọ́dún 1954, ó tún gbà á ní 1957 àti ní 1962, lórí ẹrẹ̀ àti eruku tí kò yàtọ̀ sí tiwa. Ọdún 1975 tí wọ́n ṣí ti Kàdúná gan-an ni Peugeot 504 gba Safari. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1963, wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì àti ìdí iwájú Ìjàpá ṣe ọkọ̀ ìje kékeré tí wọ́n ń pè ní Formula Vee, kí ẹni tí kò lówó púpọ̀ náà lè díje. Niki Lauda, Keke Rosberg àti Emerson Fittipaldi gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó di aṣíwájú awakọ̀ ìje lágbàáyé. Àwọn ẹ̀yà ara kan náà ni wọ́n ń kó wá sí Ọ̀jọ́ nínú àpótí. Mo dúró lójú títì, mo ń wo ògiri náà, inú mi sì bàjẹ́ pé a ní irú nǹkan báyìí lọ́wọ́, a kò sì kọ́ pápá ìje kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Owó epo já wálẹ̀. Ní 1982, ìjọba Shagari bẹ̀rẹ̀ sí í dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ẹrù òkèèrè, àpótí ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì wà lára ẹrù òkèèrè. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, náírà ṣubú lójijì. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi dọ́là àti owó Jámánì ra ẹ̀yà rẹ̀ kò ṣeé tà fún ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà mọ́. Tòkúnbọ̀ wọlé láti Kútọnu, ó dínwó ju tuntun lọ fíìfíì. Ní nǹkan bí ọdún 1990, Volkswagen ti Jámánì yọwọ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọgbà náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni. Lẹ́yìn ètò ọkọ̀ tí ìjọba gbé jáde ní 2013, ilé iṣẹ́ Stallion to Nissan pọ̀ níbẹ̀ ní 2014, wọ́n to Hyundai pẹ̀lú. Ìjàpá kò bá wọn padà, kò sì lè padà: ní Puebla, ní Mexico, lóṣù keje ọdún 2003, wọ́n ti èyí tó kẹ́yìn jáde, lẹ́yìn tí iye tí wọ́n ti ṣe lágbàáyé lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún.

Láti Volks lọ sí Ìyànà Ìbà, ọ̀nà kún fọ́fọ́. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá gba ọ̀nà Ìbà, mo kọjá ẹnu géètì LASU. Ọdún 1983 ni wọ́n dá yunifásítì yìí sílẹ̀, ìgbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen ṣì ń ṣiṣẹ́ ní tòsí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni á rò pé àwọn méjèèjì á ti so pọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ẹsẹ̀ rìn láti kíláàsì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀. Àmọ́ Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU wà, ní òdìkejì ìpínlẹ̀ náà pátápátá. Ó dùn mí gan-an.

Mo rí Bàbá, ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì àgbà tí ọ̀gá ASPAMDA sọ, lẹ́yìn tí mo ti béèrè lọ́wọ́ fọ́kánáísà kan àti ìyá alágbo. Ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀nà ilé Jákàǹdè tó wà ní Ìbà. Toyota ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tó wà níbẹ̀. Ní igun kan, lábẹ́ tápólìn, Ìjàpá kan wà lórí búlọ́ọ̀kù, táyà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n wọ́n fi aṣọ di ibi tí ẹ́ńjìnnì wà kí omi má baà wọ̀ ọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Ọkọ̀ rẹ dà?”

Mo sọ fún un pé n kò gbé ọkọ̀ wá, Ìjàpá ni mo bá wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. Ó ní ìgbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, àwọn ọmọṣẹ́ a máa fi ara wọn wé ara wọn: ta ni yóò sọ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kalẹ̀ kí tẹlòmíràn tó sọ̀. Àwọn aládùúgbò á dúró wò, àwọn tó ń ra àkàrà á gbàgbé àkàrà wọn. Ọ̀gá ló ń dá wọn lẹ́jọ́. Bí àwọn tó ni ọkọ̀ bá ń lọ síbi ayẹyẹ, tí wọ́n ń tò lẹ́yìn ara wọn, àwọn ọmọṣẹ́ á bá wọn lọ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, nítorí ọkọ̀ kan kì í ṣaláì kú lọ́nà. Ó ní àwọn ìgbà yẹn dùn.

Mo bi í pé àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ dà. Ó nawọ́ sí ọmọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà kékeré wo àrùn Corolla. Ó ní ọmọ náà mọ iṣẹ́, orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń mówó wọlé ni yóò kọ́. Bàbá kò bínú sí i, ó ní òun náà kọ́ Ìjàpá nítorí pé Ìjàpá ló ń mówó wọlé nígbà náà ni. Àwọn tó kù ti lọ gun ọ̀kadà.

Ohun tó ń bí i nínú ni àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Bí olówó ọkọ̀ bá kú, àwọn ọmọ á fẹ́ gba àyè inú ọgbà. Wọ́n á fi ìwọ̀n ta Ìjàpá náà bí ẹni ń ta páànù, á bọ́ sínú iná ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin lápá Ìkòròdú àti Ògíjo. Kábúrétọ̀ inú rẹ̀, tí mo wá kiri ASPAMDA tí n kò rí, á bá a yọ́. Bàbá ní bí òun bá tètè gbọ́, òun á sáré lọ tú ohun tó ṣeé tú kó tó di pé wọ́n gbé e. Ó ṣí àpótí kan fún mi: púlọ́ọ̀gì, fáànù, kébù, gíláàsì iná, kábúrétọ̀ méjì. Ó nù wọ́n, ó fi bébà ìwé ìròyìn wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọjà Ìjàpá tó kù ní agbègbè yẹn, bí mo ṣe rí i mọ, inú àpótí kan ló wà.

Mo bi í nípa àwọn ẹgbẹ́ tó ń pe ìpàdé ọkọ̀ àtijọ́. Ó ní òun ti bá wọn lọ rí, ṣùgbọ́n Erékùṣù ni wọ́n fẹ́ràn, ìyẹn Victoria Island àti Lẹ́kí. Láti Òkòkòmáìkò dé ọ̀hún, ìje tiẹ̀ ti tán lójú ọ̀nà kí ìje tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan tí kò tó igba náírà fò lọ sókè, ẹni tó ní Ìjàpá ń ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó tan iná sí i. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, tó kàn fẹ́ lọ wòran, ń ka owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ fún ara rẹ̀ àti ọmọ méjì. Á dúró sílé.

Bí mo ṣe gbọ́ èyí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo bá wá ti rí ẹlẹ́rìí. Èrò tí àwọn ẹgbẹ́ ń wá kiri ní Lẹ́kí, Ìbà àti Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń gbé. Àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ tó to ọkọ̀ náà pọ̀ ni, àwọn ọmọ mẹkáníìkì ni, àwọn ọmọ tíṣà tó fi owó Údojì rà á ni. Ibi tí wọ́n wà ni ìpàdé kì í dé.

Brazil kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fusca ni wọ́n ń pe Ìjàpá lọ́hùn-ún. Wọ́n dáwọ́ ṣíṣe é dúró ní 1986, àmọ́ ní 1993, Ààrẹ Itamar Franco bẹ ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n tún máa ṣe é kí tálákà lè ní ọkọ̀ tí apá rẹ̀ ká, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1996. Ogúnjọ́ oṣù kìíní ni ọjọ́ Fusca níbẹ̀, àwọn tó ní in máa ń kó o jáde lọ́dọọdún. Wọn kò fẹ́ràn ọkọ̀ jù wá lọ. Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà wọn, àwọn mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n wà ládùúgbò wọn, baba lè gbé e fún ọmọ láìjẹ́ pé ó gbé gbèsè fún un.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo dé Òkòkòmáìkò. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, ì bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Ìjàpá kan, aláwọ̀ ewé, dúró nídìí fọ́kánáísà, ọkùnrin tó ń wà á ń dúró kí wọ́n lẹ táyà rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń ti lẹ́sìnnì bọ̀ ló kọ́kọ́ dúró. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọlọ́kadà, lẹ́yìn wọn ni ọmọbìnrin tó ń ta káàdì fóònù, ó gbé tábìlì rẹ̀ sún mọ́ tòsí. Fóònù tí wọ́n ní ó gba ọkàn wọn ni wọ́n fi ń ya ọkọ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ṣí iwájú lẹ́yìn tó ti gba àyè, ó pariwo pé wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì! Ọkùnrin náà mú un lọ sẹ́yìn, ó ṣí i fún un. Ọmọ náà bi í pé ibo ni omi ń gbà wọlé. Ó ṣàlàyé. Ọmọ náà tún bi í pé ta ló ṣe é. Ó nawọ́ sí apá Volks.

Èrò tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti ìpàdé ọkọ̀ àtijọ́ tí mo rí kẹ́yìn lọ. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n, wọn kò sanwó mọ́tò.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ni ọjọ́ Ìjàpá lágbàáyé. Mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Èkó gbé e wá sí Ọ̀jọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Kí wọ́n bẹ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀gbẹ́ kan lára ọ̀nà Àgbádárìgì fún wọn ní òwúrọ̀ Sunday tó bá sún mọ́ ọjọ́ náà, kí èrò ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ojú títì. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níwájú ògiri Volks, kí wọ́n tò lọ sí Òkòkòmáìkò. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè rìn, kí ó fi ọkọ̀ agbọ́kọ̀ gbé e wá kí wọ́n fi wòran. Kí wọ́n mú ìje sísọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ padà, kí wọ́n wá ọmọ mẹ́fà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́nà Ìbà, kí wọ́n san owó oṣù mẹ́ta fún wọn kí Bàbá kọ́ wọn. Kí owó tí wọ́n ń ná sórí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ra àwọn Ìjàpá tó fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù, kí wọ́n tú wọn sínú àpótí bíi ti Bàbá. Mo ti sọ ọ́ fún Bàbá kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè wá, torí eékún rẹ̀ kò fẹ́ kó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ mọ́.